Ewé tàbí bàbà? Bí ẹ ṣe lè yan oògùn èbu omi fún oko kòkó, nọ́sìrì ata àti ẹyin ẹja

Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní ọdún 2024, owó oògùn kòkó náà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ìbéèrè kan sì ń ti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn àgbẹ̀: ṣé efinrin tó hù lẹ́yìnkùlé wa yìí kò lè ṣe iṣẹ́ tí oògùn búlúù, àdàpọ̀ bàbà àti láìmù (ìyẹ̀fun funfun, kì í ṣe èso ọsàn), ń ṣe? Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ ń bi ara wọn léèrè bóyá aáyù lè lé òwú funfun tó máa ń bo ẹyin. Ẹni tó fọ́n irúgbìn ata rodo sínú àwo, tó jí láàárọ̀ tó sì rí i pé ọmọ ata ti dojú bolẹ̀, òun náà ń wá ewé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹbí ọ̀tá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá jà: èbu omi (oomycetes), àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń fa àrùn níbi tó bá tutù. N ò ní sọ pé ewé ò ṣiṣẹ́, n ò sì ní sọ pé ó lè rọ́pò bàbà níbi gbogbo. Níbi tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń darí omi, bí inú ọpọ́n ẹyin ẹja tàbí àwo nọ́sìrì, ewé lè dá iṣẹ́ ṣe. Níbi tó bá jẹ́ òjò ló ń darí omi, bí oko kòkó láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ewé á di igbákejì, bàbà àti àdá tí a fi ń já èso tó dú á sì wà níwájú. Orí èyí ni gbogbo ìfiwéra ìsàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ọ̀tá wo là ń sọ?

Ẹni tó bá rí funfun lára èso kòkó tó ń rà á rò pé ẹbí olú ni, tàbí irú èbu tó ń mú búrẹ́dì. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ìran wọn yàtọ̀. Èbu omi sún mọ́ àwọn ewéko inú òkun ju olú lọ. Ohun líle kan tó ń jẹ́ káítìnì ni olú fi ń kọ́ ara rẹ̀. Sẹ́lúlóòsì, irú èyí tó wà lára ewéko, ló wà lára èbu omi. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ oògùn tó ń pa olú ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń bà jẹ́ lára olú kò sí lára èbu omi rárá. Bí èèyàn ṣe ń ra oògùn olówó ńlá nìyẹn, tí á fín in tán, tí kòkó á ṣì máa dú lọ.

Ohun tó so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ omi ni ọmọ tó ń bí. Nígbà tí ara èso tàbí ojú ilẹ̀ bá tutù, èbu yìí á tú ọmọ tó ní ìrù 2 sílẹ̀, wọ́n á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó tẹ́ sórí èso títí wọ́n á fi rí ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Láìsí omi, wọn ò lè rìn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lórí ìrìn yẹn, wọn ò ní èèpo kankan lára, ìgbà náà ló sì rọrùn jù láti pa wọ́n. Tí wọ́n bá ti wọlé tán, tí wọ́n ti ta òwú wọn káàkiri inú èso, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo ewé àti òróró tí a fẹ́ dárúkọ, ìgbà ìlúwẹ̀ẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù. Ìwọ̀nba ni agbára wọn lórí èyí tó ti wọlé.

Ẹbí ńlá ni. Nínú rẹ̀ ni Phytophthora infestans tó run ọ̀dùnkún Ireland láti 1845, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn fi kú nínú ìyàn tó tẹ̀lé e. Nínú rẹ̀ náà ni èyí tó ń ba àjàrà jẹ́, tó mú kí Millardet, onímọ̀ ewéko ará Faransé, gbé àdàpọ̀ bàbà àti láìmù jáde ní agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ní 1885. Oògùn búlúù tí àwọn bàbá wa ń fín sí kòkó, oko àjàrà ló ti wá. Lọ́dọ̀ tiwa, méjì ló ń mú kòkó dú: Phytophthora palmivora, tó kárí ayé, àti Phytophthora megakarya, tí kò kọjá Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Èkejì yìí ló burú jù. 1979 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìran tirẹ̀, 1985 sì ni wọ́n kéde pé ó ti dé Ghana. Saprolegnia ni ti ẹyin ẹja, Pythium ló sì sábà máa ń wà nídìí ti nọ́sìrì.

Omi ewé àti òróró kì í ṣe ohun kan náà

Àwọn èèyàn máa ń sọ "efinrin" bí ẹni pé oògùn kan ṣoṣo ni. Méjì ni, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn tó èyí tó wà láàárín ewé àti oògùn ilé ìtajà.

Omi ewé ni èyí tí ẹ gún, tí ẹ rẹ, tí ẹ sẹ́. Gíráàmù 100 sí 200 ewé tútù sí líta omi 1 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Kò náni lówó, kò fẹ́ ẹ̀rọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ kì í dúró sójú kan: ewé tí a já nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò rí bíi ti ìgbà òjò, èyí tó gbó kò rí bíi ti ọ̀dọ́, omi tí a sì fi pamọ́ di ọ̀la á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òróró olóòórùn ni èyí tí wọ́n ń fi oru omi gbé jáde. Oru á gba inú ewé kọjá, á gbé òróró dání, wọ́n á tù ú, òróró á léfòó sórí omi. Ó lágbára, ẹ sì lè wọn ọ́n. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ nínú ewé: òróró tó ń jáde lára efinrin tútù kì í sábà tó 1% ìwọ̀n ewé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kílò ewé 1 ń mú gíráàmù 5 wá, tí a sì fẹ́ po òróró ní ìdá 0.5% sínú pọ́ńpù àgbékọ́yìn tó ń gba líta 15. Mílílítà 75 la nílò, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò ewé 15. Pọ́ńpù ẹyọ kan péré nìyẹn, kì í ṣe éékà kan. Ẹni tó ní oko kòkó ńlá tó fẹ́ fi òróró efinrin fín gbogbo rẹ̀ á kọ́kọ́ gbin oko efinrin ná.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń ta òróró kì í sọ. Ìwádìí kún ilẹ̀ tó sọ pé òróró báyìí báyìí dá èbu dúró pátápátá. Inú àwo kékeré tí wọ́n dé ní yàrá ìwádìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òróró ò ríbi fẹ́ lọ, òjò ò rọ̀, oòrùn ò ràn. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, àmọ́ ohun tó wáyé nínú àwo tí a dé, inú nǹkan tí a lè dé ni kí ẹ ti retí irú rẹ̀.

Àwọn ewé náà, lọ́kọ̀ọ̀kan

*Efinrin.* Tí ẹ bá bi mí pé kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tó hù nílẹ̀ wa, òun ni màá mú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni táímọ́ọ̀lì, irú èyí tó wà nínú ewé táìmù tí a ń fi se ọbẹ̀. Nínú àwọn irú kan, yújínọ́ọ̀lì ló pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì ń ba awọ tó bo ara ọmọ èbu jẹ́, ohun inú rẹ̀ á tú dànù. Torí pé awọ ni wọ́n ń kọlù, tí kì í ṣe ojú kan ṣoṣo nínú ara rẹ̀, kì í rọrùn fún èbu láti kọ́ bó ṣe máa sá fún un. Wọ́n ti dán òróró efinrin wò lórí Phytophthora megakarya ní Cameroon, ó sì dí i lọ́wọ́. Ẹ má fi ojú òórùn nìkan díwọ̀n rẹ̀ o: efinrin ilé kan lè ta sánsán kí táímọ́ọ̀lì rẹ̀ má tó ti ilé kejì.

*Aáyù.* Agbára rẹ̀ wà nínú álísìnì, álísìnì kò sì sí nínú aáyù tí a kò tíì gún. Ìgbà tí a bá gún un ni nǹkan méjì tó wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ pàdé, tí álísìnì sì jáde. Ẹni tó bá se aáyù kó tó gún un ti pa oògùn náà kó tó bí i. Ẹ gún un, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú bíi 10, ẹ po ó mọ́ omi tútù, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Ní Yunifásítì RWTH ní ìlú Aachen ní Jámánì, wọ́n fi omi aáyù gbógun ti èbu ọ̀dùnkún àti irú rẹ̀ tó ń mú kùkúmbà, ó sì din àrùn kù lára ewé. Ẹ rántí pé inú ilé ìgbin-nǹkan ni, níbi tí òjò kò dé. Ohun tó ń dùn mí nípa aáyù ni owó rẹ̀ lọ́jà.

*Kànáfùrù.* Òróró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yújínọ́ọ̀lì pátápátá, ó ń tó 70 sí 90%. Nínú gbogbo wọn, òun lèyí tí agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgò dé ìgò, bí kò bá sí ayédèrú. Òkè òkun ló ti ń wá, kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fín sí oko. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹja tí a máa dé láìpẹ́.

*Koóko ọba.* Sítírálì (citral) ló wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti gbìn, ó ń yára hù, ẹni tó bá sì ní ìkòkò ìgba-òróró lè rí òróró nínú rẹ̀. Lójú mi, igbákejì efinrin ni.

*Dòǹgóyárò.* Ibí ni màá ti bínú díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àrùn irúgbìn bá ti ṣẹlẹ̀, dòǹgóyárò ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Oògùn kòkòrò ni. Ohun tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ń dí kòkòrò lọ́wọ́ oúnjẹ àti ìdàgbàsókè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan èbu omi. Oòrùn tún ń tètè bà á jẹ́. Tí kòkòrò bá ń mu oje kòkó yín, ẹ fi dòǹgóyárò gbìyànjú. Tí kòkó bá ń dú, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn.

*Olómi ojò*, igi olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ilé. Àwọn olùwádìí ní Cameroon ti fi omi èso rẹ̀ jà pẹ̀lú kòkó dídú nínú oko gan-an, ó sì ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni èso yẹn. Ó ń dá ọkàn dúró. Ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Èmi ò ní fi í sínú pọ́ńpù tí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn, ohunkóhun tí ì báà ṣe fún kòkó. Àwọn tó ń sọ pé "ewé ni, kò lè pa èèyàn", ẹ fi igi yìí dá wọn lóhùn.

Bí mo ṣe tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nìyí:

| Ohun èlò | Ibi tí màá ti lò ó | Ibi tí mi ò ní lò ó |
|---|---|---|
| Omi efinrin | Nọ́sìrì. Igi kòkó díẹ̀ nítòsí ilé | Odidi oko kòkó nígbà òjò |
| Òróró efinrin tàbí koóko ọba | Nọ́sìrì, inú ilé ìgbin-nǹkan | Ara òdòdó àti ọmọ kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so: ó lè jó wọn |
| Omi aáyù | Àwo ọmọ ata. Ọpọ́n ẹyin ẹja, lẹ́yìn ìdánwò | Níbikíbi tí ẹ ò ti lè lò ó lọ́jọ́ tí ẹ gún un |
| Òróró kànáfùrù | Àwo nọ́sìrì kékeré | Omi tí ọmọ ẹja wà |
| Dòǹgóyárò | Kòkòrò | Èbu omi |
| Bàbà àti láìmù | Oko kòkó | Omi ẹja |
| Oògùn tó ní metalaxyl (kẹ́míkà tó ń wọ inú èèpo) | Oko kòkó tí àrùn ti le, pẹ̀lú bàbà | Lóun nìkan, léraléra |

Oko kòkó

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo oko kòkó kí ẹ tó yan oògùn fún un.

Inú ilẹ̀ ni Phytophthora megakarya ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti lára gbòǹgbò, títí kan gbòǹgbò àwọn igi ìbòòji kan. Òjò àkọ́kọ́ tó bá lágbára á ta erùpẹ̀ sára èso ìsàlẹ̀. Eèrà náà ń gbé erùpẹ̀ gun igi láti fi kọ́lé sára èso. Láti ibẹ̀, òjò á máa gbé e kiri. Ojú dúdú kékeré á yọ lára èso kan, á máa gbòòrò lójoojúmọ́, ohun funfun á bò ó. Ọmọ tuntun ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, odidi èso ti dú. Ní ọdún tí òjò bá pọ̀, tí a kò bá ṣe ohunkóhun, ó lè gbá oko lọ.

Nínú irú ibi báyìí, bàbà ní ohun kan tí ewé kò ní. Bàbà tó gbẹ sára èso kì í yọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó lẹ̀ mọ́ èèpo, nígbàkúùgbà tí èso bá sì tutù, díẹ̀ á yọ́ jáde, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọmọ èbu ń lúwẹ̀ẹ́. Òjò tó ń jí ọ̀tá náà ló ń jí oògùn. Ọ̀rọ̀ òróró kò rí bẹ́ẹ̀: láti ìṣẹ́jú tí ẹ ti fín in ló ti ń fẹ́ lọ, tí òórùn rẹ̀ bá sì ti tán, iṣẹ́ rẹ̀ tán. Omi ewé ní tirẹ̀, òjò kan ṣoṣo á fọ̀ ọ́ dànù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ewé ṣe iṣẹ́ bàbà á ní láti padà sínú oko lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ní oṣù tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ta ló ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ yẹn?

Fún ẹni tó ń ta kòkó, ohun tí màá yàn nìyí. Bàbà kí òjò tó wọlé dáadáa, kí a sì máa tún un fín ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 títí ìgbà tó burú á fi kọjá. Tí ẹ bá ń pò ó fúnra yín, kílò 1 bàbà búlúù (copper sulphate), kílò 1 láìmù àti líta omi 100 ló ń jẹ́ 1%. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ yọ́ méjèèjì kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀, inú ike ni, kì í ṣe inú agolo irin, torí bàbà máa ń jẹ irin. Ara èso ni kí ẹ dojú pọ́ńpù kọ, láti ìdí igi lọ sókè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fín, ewé lókè ni wọ́n ń fún ní oògùn.

Metalaxyl yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ó ń wọ inú èèpo, òjò kò sì lè fọ̀ ọ́ lọ mọ́. Ẹbí èbu omi gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ń lù lára rẹ̀, èbu sì tètè ń mọ ọ̀nà gbà yẹ̀ ẹ́. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tó dé ọjà tí èbu ọ̀dùnkún ní Ireland àti Netherlands fi kọ̀ láti kú fún un, ní 1980. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á pọ̀ mọ́ bàbà nínú páálí kan náà, ìdí nìyí náà tí kò fi yẹ kí ẹ máa fi òun nìkan fín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí.

Ohun tó sàn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ kò sí nínú ìgò. Ẹ máa já èso tó bá dú kúrò lórí igi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kódà kó ku díẹ̀ kó gbó. Ẹ gé ẹ̀ka tó di oko pa kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ara èso. Ẹ má jẹ́ kí kòkó tó ti pọ́n pẹ́ lórí igi. Èyí tó ti gbẹ dúdú láti ọdún tó kọjá, ẹ já a kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń náwó lórí oògùn tí wọ́n sì fi èso dúdú sílẹ̀ lórí igi, ọmọ èbu ni wọ́n ń bọ́.

Níbo wá ni ewé ti wúlò fún kòkó? Àwọn ibì kan wà. Ẹni tó ní igi 20 tàbí 30 nítòsí ilé, tó lè fín omi efinrin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lè rí èrè níbẹ̀, pàápàá tó bá ń já èso dúdú. Láàárín bàbà kan sí èkejì, tí oògùn kò bá tíì dé, omi ewé sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Àti oko tó ń tọ ìwé ẹ̀rí kòkó tí kò ní kẹ́míkà. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé bàbà fúnra rẹ̀ kò ṣàìní àbùkù: kì í jẹrà, inú ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù fi ní kí àgbẹ̀ má lo ju kílò 28 bàbà lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7, tí àwọn tó ń gbin àjàrà níbẹ̀ sì ń lé òróró ewé kiri. Oko kòkó tí wọ́n ti ń fín láti ayé bàbá títí dé ayé ọmọ, bàbà tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ kò kéré.

Tí ẹ bá máa fín ewé, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oòrùn ti wọ̀, ọjọ́ tí òjò kò ṣú. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ òróró kó lè dàpọ̀ mọ́ omi, torí òróró tó bá léfòó sínú pọ́ńpù á jó èso tó bá kọ́kọ́ bà, èyí tó kù á sì gba omi lásán.

Ẹyin ẹja àrọ̀

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí ẹ̀yin lẹ ni omi. Ẹ mọ iye líta tó wà nínú ọpọ́n, ẹ lè pàṣẹ ìgbà tó máa wọlé àti ìgbà tó máa jáde. Oògùn tí ẹ bá fi sí i á dúró níbẹ̀ títí ẹ̀yin á fi ní ó tó.

Àkókò náà tún wà lọ́wọ́ yín. Ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó 28°C, ẹyin àrọ̀ ń pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Saprolegnia máa ń kọ́kọ́ gun ẹyin tó ti kú, èyí tó funfun, kó tó na òwú mọ́ àwọn alààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan aáyù, ẹ wo akọ àti abo tí ẹ lò: tí àtọ̀ kò bá dára, ẹyin funfun á pọ̀, kò sì sí ewé tó máa yanjú ìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹyin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má ṣe é ní òkìtì. Ẹ fi rọ́bà fa ẹyin funfun kúrò. Bí ọmọ bá ti jáde tán, ẹ yọ àwọ̀n tí èèpo ẹyin wà lára rẹ̀ kíákíá.

Nínú àwọn oògùn, malachite green, aró aláwọ̀ ewé kan, ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lára ẹja, ẹ̀rù jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún ẹja jíjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má tún kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun ní ìlò rẹ̀. Fọ́málìnì (formalin) náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó ń fa èéfín rẹ̀ símú lójoojúmọ́ nínú yàrá tí wọ́n tì ló ń san gbèsè. Ó wà lára ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Háídírójìn pẹ́rọ́kísáìdì kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn ju omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i fún ẹyin ẹja. Iyọ̀ ló wọ́n kéré jù, òun sì ni màá kọ́kọ́ mú.

Tó bá jẹ́ láàárín ewé, aáyù ni. Omi aáyù tí a sẹ́ dáadáa, kí ìyàngbò rẹ̀ má bàa jẹrà sínú omi, tí a fi wẹ ẹyin fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tú omi tuntun sí i. Ẹ fi ọpọ́n kékeré dán an wò ná, pẹ̀lú ẹyin díẹ̀ láti ara ìyá kan náà, kí òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ ò fi nǹkan kan sí.

Kànáfùrù ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ẹja mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ oorun ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún. Nǹkan bí mílígíráàmù 40 sí 100 nínú líta omi 1 ni wọ́n fi ń mú ẹja sùn kí wọ́n tó wọn ọ́n tàbí kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Tó bá kọjá ààlà, tàbí tó pẹ́ jù, ẹja kò ní jí mọ́. Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní agbára àgbà. Ẹni tó bá kà á pé òróró kànáfùrù ń pa èbu, tó wá kán an sínú ọpọ́n pẹ̀lú ojú ìwọ̀n, lè pa èbu àti ọmọ pọ̀.

Nọ́sìrì

Èyí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Pythium ń gé ọmọ ata àti tòmátò nídìí nígbà tí ilẹ̀ bá ń rin ṣọ̀ọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ fọ́n irúgbìn kó ní àyè, ẹ lu ihò sí ìdí àwo, àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kó tó dalẹ́. Ẹ yan erùpẹ̀ nínú agbada kí ẹ tó fi gbin nǹkan, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ kedere bo erùpẹ̀ tútù nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lẹ́yìn gbogbo èyí, omi aáyù tàbí omi efinrin tí a dà sídìí ọmọ irúgbìn kí àrùn tó bẹ̀rẹ̀ lè bo àwo títí wọ́n á fi lágbára. Bàbà kò pọn dandan níbí. Nínú gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibí ni ewé ti rọrùn jù láti jàǹfààní rẹ̀, torí àwo 10 kò ju ife omi aáyù díẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó náwó

Bàbà ayédèrú wà lọ́jà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má ra èyí tí wọ́n tú sínú ọ̀rá láìsí orúkọ. Òróró ayédèrú náà wà. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun: èyí tó jẹ́ ojúlówó á fẹ́ lọ, àbàwọ́n rẹ̀ kò ní ju díẹ̀ lọ. Tí bébà bá ń dán tí ó sì rọ̀ lọ́jọ́ kejì, òróró ìdáná ni wọ́n fi lú u. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òróró efinrin àti kànáfùrù ń ta sí ojú, wọ́n sì ń jó awọ ara. Kí ẹ tó fín gbogbo igi, ẹ fín èso díẹ̀, ẹ dúró fún ọjọ́ 3, ẹ wò ó bóyá èèpo rẹ̀ jó.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ oko tiyín gan-an, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni ṣe é, títí kan tèmi. Ẹ ya ìlà igi mẹ́ta sọ́tọ̀ níbi tí òjò àti ìbòòji ti dọ́gba. Ẹ fín bàbà sí ọ̀kan, ẹ fín omi efinrin sí èkejì, kí ẹ má fín nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Ẹ máa já èso dúdú lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà títí oṣù Kẹwàá á fi parí. Tí ìlà tí ẹ fín efinrin sí àti ìlà tí ẹ ò fín nǹkan kan sí bá dọ́gba, àdá ló ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ewé.